Ojú Irin: Pípọ́n Irinṣẹ́ Ìgérin Láìnáwó Púpọ̀ Nínú Ilé-Iṣẹ́ Àyíká Ilé

Irinṣẹ́ tí a fi ń gé irin kì í kújú lójijì. Ojú rẹ̀, èyíinì ni etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń wọ inú irin tí a ń gé, a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí èérún irin gbígbóná ti ń ha á lára kọjá, títí etí tí ó mú bí abẹ tẹ́lẹ̀ yóò fi di roboto, tí kò ní gé mọ́, tí yóò kàn máa fi ipá ti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ìgbà náà lọ, apá púpọ̀ nínú agbára ẹ̀rọ ni ó ń di ooru, ooru náà ni ó sì tún ń mú kí ojú náà yára jẹ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbàjẹ́ tí ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó hàn lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ owó wà. Bí a bá pọ́n bíìtì, èyíinì ni irin lílọ́ tí a fi ń lu ihò, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kújú, ó lè má ju mìlímítà 0.2 tí a óò họ kúrò kí ó tó tún mú. Ṣùgbọ́n bí a bá fipá lò ó títí igun rẹ̀ fi jóná, mìlímítà 2 lè lọ kí a tó dé ibi tí irin rẹ̀ ti dára. Bíìtì tí ó ní mìlímítà 50 tí ó ṣeé pọ́n yóò gba pípọ́n ìgbà 250 lọ́nà kìíní, yóò sì gba ìgbà 25 péré lọ́nà kejì. Àgbẹ̀ tí ó ń pọ́n àdá rẹ̀ lórí òkúta ní òwúrọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí kò dúró di ìgbà tí àdá bá kọ̀ jálẹ̀ láti gé, ti mọ ìṣirò yìí láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kékeré nínú gáréèjì tàbí yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, aago àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́; ìwé ìròyìn Model Engineer, tí Percival Marshall dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1898, sì ti ń kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ láti ìgbà náà. Ohun tí ó jẹ́ ìgbádùn fún wọn jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún àwọn tọ́nà, àwọn oníṣẹ́ irin tí wọ́n ní láàtì kan ṣoṣo (ẹ̀rọ tí ń yí irin níwájú ọ̀bẹ tí kò yí) ní àwọn ìlú Yorùbá, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni ó wà níwájú àwọn méjèèjì: ẹ̀rọ ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń pọ́n irinṣẹ́ wọ́n ju agbára wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè máa ra irinṣẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà tí ti àtijọ́ bá kújú. Ohun tí ó kù fún wọn ni gíráíńdà orí tábìlì, ẹ̀rọ kékeré tí ó ní òkúta roboto kan ní apá ọ̀tún àti òmíràn ní apá òsì, pẹ̀lú ọwọ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Kí ọwọ́ tó lè mọ ohun tí ó ń ṣe, ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú irin tí wọ́n fi ṣe irinṣẹ́ náà, nítorí pé ooru tí yóò ba ọ̀kan jẹ́ kò ní ṣe èkejì ní nǹkan kan. Títí di apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irin kábọ́ọ̀nù, èyíinì ni irin lásán tí èédú díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́ ìgérin, wọ́n a sì mú un gbóná kí wọ́n tó rì í bọ omi kí ó lè le. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ó bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 200°C, líle náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀. Ní 1868, Robert Mushet, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irin kan jáde tí ó ní tungsten nínú, tí ó sì ń le fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé a rì í bọ omi. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Frederick Winslow Taylor àti Maunsel White, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bethlehem Steel ní Pennsylvania, ṣàwárí pé bí a bá mú irú irin bẹ́ẹ̀ gbóná dé ibi tí ó kù díẹ̀ kí ó yọ́, ojú rẹ̀ lè máa gé irin lọ kódà nígbà tí ooru ti sọ ọ́ di pupa. Wọ́n fi í han aráyé níbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Paris ní 1900, ó sì yà wọ́n lẹ́nu, nítorí pé láàtì tí a fi í sí lẹ́nu lè gé irin pẹ̀lú eré tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Irin yìí ni a ń pè ní háísípíìdì. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí, tí wọ́n ń kọ M2 sí lára, ní nǹkan bí ìdá 6 tungsten nínú 100, ìdá 5 molybdenum, ìdá 4 chromium àti ìdá 2 vanadium, kì í sì í sọ líle rẹ̀ nù títí ooru yóò fi súnmọ́ 600°C.

Iná tí ó ń ta lára òkúta gíráíńdà ni a fi ń dá àwọn méjèèjì mọ̀. Irin kábọ́ọ̀nù a máa ta iná funfun tí ó mọ́lẹ̀ yòò, tí ó ń fọ́n ká bí ìràwọ̀, nígbà tí ti háísípíìdì jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó kúrú, tí kò sì fọ́n ká tó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò yìí lára ìdí irinṣẹ́, kì í ṣe lára ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irin kábọ́ọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ máa rì í bọ omi léraléra, nítorí pé bí etí rẹ̀ bá ti yí padà sí àwọ̀ koríko gbígbẹ, ewu ti dé, bí ó bá sì di àwọ̀ aró, irin náà ti rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ó kù ju kí a họ apá náà kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ háísípíìdì, àwọ̀ aró kò tíì pa á lára. Ohun tí ó ń pa á lára ni kí a jẹ́ kí ó gbóná gidi, kí a sì wá rì í bọ omi tútù lójijì, nítorí pé òde rẹ̀ yóò sunkì kí inú tó tẹ̀ lé e, ojú náà yóò sì ní sísán wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí yóò sì máa fọ́ bí a bá ń lò ó. Ó sàn kí a dá pípọ́n dúró, kí a jẹ́ kí ó tutù nínú afẹ́fẹ́, tàbí kí a máa rì í bọ omi láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó má tilẹ̀ ráyè gbóná rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, tí wọ́n sì ń fi ìlànà irin kábọ́ọ̀nù ba háísípíìdì jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni kábáìdì. Kì í ṣe kábáìdì tí àwọn wẹ́dà ń bu omi sí kí gáàsì lè jáde lára rẹ̀. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀lọ̀ tungsten àti kábọ́ọ̀nù tí a fi cobalt lẹ̀ pọ̀ nínú ooru, Karl Schröter ni ó sì gbé e kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Osram ní Jámánì ní 1923, kí ilé-iṣẹ́ Krupp tó ń tà á lábẹ́ orúkọ náà Widia, tí ó túmọ̀ sí pé ó dà bí díámọ́ńdì. Líle rẹ̀ ju ti háísípíìdì lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fọ́, òkúta lásán kò sì lè pọ́n ọn.

Òkúta ìpọ́n fúnra rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ ìgérin. Àìmọye ẹyọ mímú ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe bí ọ̀bẹ kékeré. Nígbà tí ẹyọ kan bá kújú, ó yẹ kí ó fọ́ tàbí kí ó jábọ́ kí òmíràn tí ó mú lè yọ sójú. Bí ohun tí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ bá le jù fún irin tí a ń pọ́n, àwọn ẹyọ tí ó ti kújú kò ní jábọ́, ojú òkúta yóò máa dán, yóò sì máa jó irin dípò kí ó gé e. Òkúta aláwọ̀ eérú tí ó máa ń bá gíráíńdà olówó pọ́ọ́kú wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òkúta funfun, tí wọ́n fi aluminium oxide tí ó mọ́ ṣe, ni ó yẹ háísípíìdì, nítorí pé ẹyọ rẹ̀ ń tètè fọ́, ó sì ń gé láìgbóná púpọ̀. Oníhóró 60 tàbí 80, tí ẹyọ rẹ̀ kéré, ni ó dára fún ìpọ́n tí ó kẹ́yìn, oníhóró 36 tàbí 46, tí ẹyọ rẹ̀ tóbi, sì dára fún ibi tí irin púpọ̀ bá wà láti họ. Òkúta aláwọ̀ ewé, tí a fi silicon carbide ṣe, irú ohun líle tí Edward Acheson kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1891 tí ó sì sọ ní carborundum, ni a fi ń pọ́n kábáìdì. Òkúta díámọ́ńdì dára jù ú lọ fún kábáìdì, ṣùgbọ́n a kì í fi í pọ́n irin lórí ẹ̀rọ tí ó ń sáré, nítorí pé kábọ́ọ̀nù ni díámọ́ńdì fúnra rẹ̀, irin gbígbóná a sì máa fa kábọ́ọ̀nù náà mọ́ra, tí òkúta olówó iyebíye yóò fi jẹ tán láìpẹ́ ọjọ́. Aluminium àti idẹ kò gbọ́dọ̀ kan òkúta wọ̀nyí rárá, nítorí pé wọ́n ń dí àárín ẹyọ rẹ̀ pa.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ó má fi ra gíráíńdà tuntun. Kí ó fi ra òkúta funfun gidi kan àti ohun tí a fi ń tún ojú òkúta ṣe, yálà irin oníràwọ̀ tí ó ń yí lórí ọ̀pá, tàbí ẹyọ díámọ́ńdì kan ṣoṣo tí a lẹ̀ mọ́ orí irin. Òkúta tí kò tẹ́jú, tí ó sì ń gbọ̀n bí ó ti ń yí, kò lè pọ́n ohunkóhun dáadáa bí ó ti wù kí ọwọ́ mọṣẹ́ tó. Pèpéle tí a ń gbé irinṣẹ́ lé níwájú òkúta náà sábà máa ń kéré, a sì máa mì; ẹni tí ó ní irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn díẹ̀ àti bóòtù méjì lè ṣe èyí tí ó fẹ̀, tí ó ṣeé dà sí igun tí ó bá wù ú, láàárín ọjọ́ kan. Àyè tí ó wà láàárín pèpéle yìí àti òkúta kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, kí irinṣẹ́ tàbí ìka má baà há síbẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ewu, nítorí pé òkúta gíráíńdà kì í fi àmì hàn kí ó tó fọ́. Níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 Hz, bí ó ti rí ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíráíńdà orí tábìlì a máa yí nǹkan bí ìgbà 2,900 ní ìṣẹ́jú kan, etí òkúta tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 150 yóò sì máa rìn ní nǹkan bí mítà 23 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà tí iná wọn jẹ́ 60 Hz, eré náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a tó de òkúta tuntun mọ́ ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ fi ìka gbé e rọ̀ láti ojú ihò àárín rẹ̀, kí a sì fi èkù igi tàbí ti ike kàn án jẹ́jẹ́. Bí ó bá dún gooro bí agogo, ara rẹ̀ dá. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán nínú, kí a fọ́ ọ kí ẹlòmíràn má baà rí i lò. Eré tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni òpin, a kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bí a bá tan ẹ̀rọ, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí a tó dúró níwájú rẹ̀. Awò ojú gbọ́dọ̀ wà lójú, kò sì gbọdọ̀ sí ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ ọlọ́wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ nítòsí ohun tí ó ń yí.

Bíìtì ni ó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, òun náà sì ni ó yẹ kí ènìyàn fi kọ́ iṣẹ́. Bíìtì lílọ́ tí a mọ̀ lónìí, tí Stephen Morse gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1863, ní ojú méjì, kòtò méjì tí ó lọ́ bí okùn tí èérún irin ń gbà jáde, àti ògiri irin kan ní àárín tí ó so apá méjèèjì pọ̀. Ní ṣóńṣó rẹ̀, ojú méjèèjì para pọ̀ di igun 118°, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dà sí 59° bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú ìlà gbọọrọ tí ó gba àárín bíìtì kọjá. Lẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan, irin gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ní nǹkan bí 8° sí 12°, kí ojú nìkan lè kan ìdí ihò. Èyí ni a óò máa pè ní àyè ẹ̀yìn. Àyè ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe. Bí kò bá tó, ẹ̀yìn ojú ni yóò máa ha irin, bíìtì yóò sì máa han gooro, yóò gbóná, kò sì ní wọlé bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, ojú náà yóò fẹ́lẹ́ jù, yóò máa gbọ̀n, yóò sì fọ́. Bí ojú kan bá gùn ju èkejì lọ, ṣóńṣó ti kúrò ní àárín nìyẹn, ihò tí a bá lù yóò sì fẹ̀ ju bíìtì lọ. Bí igun ojú méjèèjì kò bá dọ́gba, ojú kan ṣoṣo ni yóò máa ṣiṣẹ́, yóò sì kú kíákíá nítorí ẹrù ẹni méjì tí ó ń dá gbé.

Bí a ṣe ń fi ọwọ́ pọ́n ọn nìyí. A óò fi ẹfun tàbí máákà fa ìlà sórí pèpéle ní igun 59° sí ojú òkúta, kí ojú ẹni lè ní ohun tí yóò máa tẹ̀ lé. Ìka ọwọ́ kan yóò gbé bíìtì ró lórí pèpéle nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ọwọ́ kejì yóò sì di ìdí rẹ̀ mú. A óò yí bíìtì títí ojú tí a fẹ́ pọ́n yóò fi nà gbalaja, tí yóò dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, a óò wá tì í jẹ́jẹ́ kan òkúta. Bí ó bá ti kan án ni a óò máa rẹ ìdí bíìtì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀yìn ojú yóò fi máa kan òkúta tẹ̀ lé ojú, tí àyè ẹ̀yìn yóò sì ti ara ìrẹ̀sílẹ̀ náà jáde. Ẹni tí ó bá ń yí bíìtì nínú ọwọ́ rẹ̀ ní àkókò kan náà, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, lè họ ojú kejì láìmọ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ lásán tó. Lẹ́yìn náà, a óò yí i lábọ̀ọ̀, a óò ṣe ojú kejì bákan náà pẹ̀lú ipá kan náà. Kí a tó tan ẹ̀rọ, ó dára kí a fi máákà kun ẹ̀yìn ojú méjèèjì, kí a sì fi ọwọ́ yí òkúta díẹ̀ pẹ̀lú bíìtì lára rẹ̀: ibi tí àwọ̀ bá ti ṣí kúrò ni òkúta ti ń kàn, bí kò bá sì jẹ́ ojú ni ó kọ́kọ́ ṣí, ìdúró ọwọ́ kò tíì tọ̀nà. Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ kí ó mú bíìtì tuntun tí ó tóbi, kí ó ṣe ìṣe yìí lórí òkúta tí a kò tàn, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà.

Láti yẹ igun náà wò, kò pọn dandan kí a ra ohunkóhun. Bí a bá gbé nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà méjì tí ó dọ́gba síra, tí ìhà pẹlẹbẹ wọn fara kanra, àfo tí ó wà láàárín wọn lókè yóò jẹ́ 120° gẹ́lẹ́, nítorí pé igun inú nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120°. Ṣóńṣó bíìtì tí ó bá jókòó síbẹ̀ dáadáa ti tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Gígùn ojú méjèèjì ni a lè fi rúlà kékeré wọ̀n. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí kò ṣeé tàn jẹ ni irin tí a bá fi dánwò: bí bíìtì bá wọ àwókù irin tí èérún méjì tí ó rí bákan náà sì lọ́ jáde láti inú kòtò méjèèjì, ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀kan bá ń tú èérún gígùn jáde tí èkejì sì ń tú ìyẹ̀fun irin, kí a padà sídìí òkúta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí bíìtì tí àwọn tí ń kọ́ni kì í sábà sọ. Ògiri irin àárín bíìtì a máa nípọn sí i bí a ti ń lọ sí ìdí rẹ̀, kí ó lè lágbára. Nítorí náà, bí bíìtì ti ń kúrú nípasẹ̀ pípọ́n, ìlà tí ó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà yẹn kì í gé irin, ṣe ni ó ń fi ipá tì í. Ìdí nìyí tí bíìtì kúkúrú tí a pọ́n dáadáa fi lè máa béèrè ipá púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó, tí olúwarẹ̀ yóò sì rò pé òun kò mọ̀ ọ́n pọ́n. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a lo igun òkúta tí ó mú láti họ inú kòtò méjèèjì díẹ̀ nítòsí ṣóńṣó, kí ògiri náà lè tinrin níbẹ̀ nìkan. Fún idẹ, nǹkan yí padà: ojú tí ó mú jù a máa já wọ inú idẹ lójijì, a sì lè fa iṣẹ́ yọ kúrò lọ́wọ́ ẹni, nítorí náà a óò fi òkúta ọwọ́ họ iwájú ojú náà díẹ̀ kí ó lè dúró gbọnrangandan dípò kí ó dagẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bẹ láàtì rọrùn ju bíìtì lọ. Ọ̀bẹ náà sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀pá háísípíìdì onígun mẹ́rin tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 6, 8 tàbí 10. Ìhà mẹ́ta ni a ń pọ́n lára rẹ̀: iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti orí. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ni àyè ẹ̀yìn wà, ní nǹkan bí 8° sí 10°. Orí ni ìdagẹ̀rẹ̀ wà, èyí tí èérún irin ń gbà yọ̀ kúrò. Fún irin tí kò le púpọ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ orí sí ẹ̀gbẹ́ tó 12° sí 14°. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún aluminium tí ó rọ̀, kò sì sí rárá fún idẹ. Àwọn igun wọ̀nyí kì í ṣe òfin tí a kò lè yẹ̀. Bí wọ́n bá fi dígírì méjì yàtọ̀, ọ̀bẹ yóò ṣì gé irin. Ohun tí kò gba àṣìṣe ni pé ojú òkè àti ojú iwájú gbọ́dọ̀ pàdé ní etí kan ṣoṣo tí kò ní ìlà òkúta, tí kò sì dán ní ìmọ́lẹ̀, nítorí pé etí tí ó bá dán bí a ti gbé e sí oòrùn ti di roboto níbẹ̀.

Níbi ọ̀bẹ láàtì ni ìlànà pípọ́n kí ó tó kú ti ń mú èrè tí ó pọ̀ jù wá, nítorí pé bí a ti pọ́n ọn dáadáa lórí gíráíńdà lẹ́ẹ̀kan, ó lè lo oṣù púpọ̀ láìpadà síbẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kékeré tí a ta òróró sí ni a óò máa fi ha iwájú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí a bá ti rí i pé ara iṣẹ́ kò dán mọ́, láìtilẹ̀ yọ ọ̀bẹ náà kúrò lórí ẹ̀rọ. Òkúta náà gbọ́dọ̀ fara lé ìhà náà pátá. Bí ó bá mì, ó ń sọ etí di roboto ni. Bí pípọ́n orí bá ti mú kí ọ̀bẹ kúrú ní gíga, a lè fi àwókù bíléèdì ayùn tẹ́ ẹ nídìí títí ṣóńṣó rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú àárín iṣẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba, a óò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ há rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara ọ̀pá roboto tí ó wà lórí láàtì, jẹ́jẹ́: bí rúlà bá dúró ṣánṣán, ó dọ́gba, bí orí rúlà bá fì síwájú kúrò lọ́dọ̀ oníṣẹ́, ọ̀bẹ ga jù, bí ó bá fì sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ọ̀bẹ rẹlẹ̀ jù.

Ti kábáìdì kò gba àlàyé gígùn. Èyí tí wọ́n jó mọ́ orí ọ̀pá irin ni a lè pọ́n lórí òkúta aláwọ̀ ewé tàbí ti díámọ́ńdì, pẹ̀lú ìyípo òkúta tí ń ti kábáìdì mọ́ ọ̀pá rẹ̀ dípò kí ó fà á kúrò. A kò sì gbọdọ̀ rì í bọ omi nígbà tí ó gbóná, nítorí pé yóò sán. Etí ẹyọ kékeré tí a ń fi bóòtù dè ni a lè fi fáìlì díámọ́ńdì ha díẹ̀ kí ó tó di àwókù. Eruku kábáìdì ní cobalt nínú, ó sì ń fa àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró fún ẹni tí ó ń fà á símú. Kí a bo imú, kí a sì nu eruku náà pẹ̀lú aṣọ tútù dípò kí a fẹ́ ẹ dànù.

Kọ́tà mílìǹgì, èyíinì ni irinṣẹ́ roboto olójú púpọ̀ tí ó ń yí tí ó sì ń gé irin pẹ̀lú ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni ó le jù. Ojú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́, a kò sì lè fi ọwọ́ lásán pọ́n ọn kí gbogbo ojú sì dọ́gba. Nítorí èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dennis Chaddock, ti Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe gbé àwòrán ẹ̀rọ ìpọ́n kan kalẹ̀ nínú Model Engineer ní àwọn ọdún 1970, èyí tí ó sọ ní Quorn, ní orúkọ abúlé tí ó ń gbé, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní láàtì kékeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Iṣẹ́ àrà ni, ṣùgbọ́n kíkọ́ ọ gba àkókò púpọ̀, kò sì tọ́ sí ẹni tí ó ní kọ́tà mẹ́wàá péré. Àkíyèsí kan ni ó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là: kì í ṣe gbogbo gígùn kọ́tà ni ó ń kú, igun ìdí rẹ̀ àti mìlímítà díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó sábà máa ń jẹ, ojú ẹ̀gbẹ́ tí ó wà lókè sì ṣì mú bí ti àkọ́kọ́. Bí a bá gé apá tí ó jẹ kúrò pẹ̀lú òkúta tẹ́ẹ́rẹ́, ojú ìdí nìkan ni ó kù láti tún ṣe. Èyí ni a lè fi ègé irin onígun mẹ́rin tí a lu ihò sí láàárín ṣe: a óò de kọ́tà mọ́ inú rẹ̀, a óò sì fi ìhà rẹ̀ lé ọ̀pá tí a dè mọ́ pèpéle, bí a bá sì ti pọ́n ojú kan a óò yí ègé irin náà sí ìhà tí ó kàn, tí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́tà olójú mẹ́rin yóò fi gba igun kan náà láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n. Onígun mẹ́fà ni a ń lò fún kọ́tà olójú mẹ́ta. Àyè ẹ̀yìn rẹ̀ tó 5° sí 7°, ìdí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọnú díẹ̀ síhà àárín, ní nǹkan bí 1° tàbí 2°, kí igun òde lè kọ́kọ́ kan irin.

Àwọn irinṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a pọ́n. Ríímà, tí a fi ń mú ihò bá ìwọ̀n mu gẹ́lẹ́, yóò kéré ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ bí a bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bíléèdì ayùn ìgérin kò tó iye iṣẹ́ tí pípọ́n rẹ̀ yóò gbà. Bíìtì tí kò tó mìlímítà 3 sì kéré jù fún ojú àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí a ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bíìtì ńlá tí pípọ́n ti sọ di kúkúrú kì í ṣe àwókù. Bí ó ti kúrú náà ni kì í fì, kì í sì í sá kúrò lórí àmì bí a bá fi bẹ̀rẹ̀ ihò lórí irin tí ó tẹ́jú, nígbà tí tuntun tí ó gùn a máa rìn gbéregbère kí ó tó wọlé. Inú agolo ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí a máa kó irú wọn sí, nítòsí ẹ̀rọ ìlu ihò, kí wọ́n máa ṣáájú fún àwọn gígùn.